Àdín Tó Wà Lára Dùùrù Òkè-Ìlá

Láti ìgbà tí mo ti padà dé Abẹ́òkúta, ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ ń bi mí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ṣọ́ọ̀bù, títí dé ẹnu ọ̀nà ilé mi: ṣé òótọ́ ni pé òyìnbó yà mí sínú fíìmù? Òótọ́ ni. Ẹ̀yìn orí mi wà níbẹ̀, ọwọ́ mi wà níbẹ̀, wọ́n sì ní ojú mi náà wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Bí ẹ bá rí ojú ọ̀hún lọ́jọ́ kan, tí ẹ rí i pé ó le koko bí ojú ẹni tí wọ́n fún ní ewúro mu, ẹ má rò pé ìgbéraga ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni mo lò nílẹ̀ Èkìtì, n kò sì ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí níbẹ̀ ju bó ṣe bà mí rí láyé lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Òkè Ẹ̀fọ̀n

Kláọ̀sì lorúkọ òyìnbó náà, ará Jámánì ni, fíìmù ló sì ń ṣe nípa ayé obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbíronkẹ́ Ajíbádé. Ọmọ Adó-Èkìtì ni Ìbíronkẹ́. Dùùrù ló ń tẹ̀ jẹun nílẹ̀ òkèèrè. Kì í ṣe dùùrù ìsìn bí èyí tí ẹ mọ̀ o; píánò olókùn irin ti gbọ̀ngàn ńlá ni, níbi táwọn òyìnbó ti ń múra bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó, tí wọn yóò jókòó jẹ́ẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò ní wúkọ́ títí yóò fi gbọ́wọ́ kúrò. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti lọ, kò sì wálé rí. Wọ́n ti yà á nínú ilé rẹ̀ ní Jámánì, wọ́n ti yà á níbi tó ti ń ṣeré fáwọn ènìyàn. Ìparí fíìmù ló kù. Wọ́n fẹ́ kó jókòó sídìí dùùrù tó fi kọ́ṣẹ́ nígbà èwe, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òkè-Ìlá, ní Adó, kó tẹ̀ ẹ́ fáwọn ará ìlú rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Nítorí pé títún dùùrù ṣe niṣẹ́ mi, èmi ni wọ́n ní kí n lọ rí i pé dùùrù náà dún.

"Bí kò bá wá dún ńkọ́?" Mo bi Kláọ̀sì bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má ṣèyọnu, pé lẹ́nu iṣẹ́ tàwọn, ohun tó bàjẹ́ a máa dùn-ún wò ju ohun tó dára lọ. N kò bá a rẹ́rìn-ín. Mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu àwọn tó ń wá yà wá, mo sì mọ ẹni tí wọ́n máa ń fi rẹ́rìn-ín.

Ní ti ọ̀nà, n kò ní fi ìyẹn dà yín láàmú, àfi Òkè Ẹ̀fọ̀n nìkan. Àwa ará Abẹ́òkúta rò pé a mọ òkè nítorí pé a ní Olúmọ. Ẹ jọ̀wọ́, Olúmọ ò tíì ṣe nǹkan kan. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ilẹ̀, ọkọ̀ ń pọ́n, ó ń yí, ó ń pọ́n, n kò rí nǹkan kan lápá ọ̀tún mi àfi funfun, mo sì mọ̀ pé kòtò ló wà lábẹ́ funfun yẹn. Mo ka Sáàmù tí mo mọ̀, mo tún kà á láti ẹ̀yìn. Dírẹ́bà wa ń fi ọwọ́ kan jẹ ẹ̀pà.

Ní Ìyìn, ọkọ̀ ní omi gbẹ nínú òun. A dúró níwájú ilé kan níbi tí obìnrin àgbẹ̀ kan ti ń sọ usu kalẹ̀ láti orí rẹ̀, bí wọ́n ti ń pe iṣu níbẹ̀. Mo béèrè omi. Kò dá mi lóhùn. Ó ń wò mí ni. Ó pẹ́ kí n tó rántí pé n kò tíì kí i. Mo padà lọ sí ìbẹ̀rẹ̀, mo kí i kú ilé, mo kí i kú àbọ̀ oko, mo kí i kú ọyẹ́, nígbà náà ló tó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé odindi garawa omi fún wa. Ó béèrè ibi tí à ń lọ. Nígbà tí mo dárúkọ dùùrù Òkè-Ìlá, ó ṣíwọ́.

"Dùùrù Bàbá Fálọ́dún? Bàbá yẹn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti lọ. Ẹ rọra ṣe é o. Òun ni wọ́n fi ń jí, òun ni wọ́n fi ń sùn."

Iyán Màmá Nọ́ọ̀sì

Ilé Màmá Nọ́ọ̀sì ni wọ́n fi mí wọ̀ sí, nítorí pé ó dojú kọ gbọ̀ngàn náà. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni Màmá, wọ́n ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn. N kò tíì jókòó tán tí iyán fi dé. Ẹ mọ̀ pé láfún ni wọ́n fi tọ́ mi. Wọ́n máa ń wí pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ. Mo rò pé àwàdà ni, àfi ìgbà tí mo dé Èkìtì. Òkèlè tí mo bù níwọ̀n ọwọ́ mi, Màmá wò ó, wọ́n béèrè bóyá ara mi ò yá.

"Ara mi yá, Màmá."

"Kí ló dé tí o ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń lo oògùn? Ọmọ Ẹ̀gbá, jẹun. Uṣẹ́ tí o bá wá ṣe níbí yìí, agbára ni yóò gbà."

N kò tíì sọ ibi tí mo ti wá fún wọn. Gbólóhùn kan péré ni mo sọ lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n fi mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí káàkiri Adó: bí mo bá ti lanu báyìí, ẹni tó ń ta epo, ẹni tó ń tún bàtà ṣe, olùkọ́ tó ń lọ síléèwé, gbogbo wọn á ní, "Ará Ẹ̀gbá, ẹ kú àbọ̀." Èmi náà, ìdajì ọ̀rọ̀ wọn ni mò ń gbọ́, mo sì ń mirí sí ìyókù. Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọjá lára àwọn àgbàlagbà mẹ́ta lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kí gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n pè mí padà. Wọ́n ní ta ni mo kí nínú àwọn? Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nínú eruku ọyẹ́, pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ mi léjìká. Inú bí mi díẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń béèrè bóyá mo ti jẹun.

Ìgbà tí a ṣí dùùrù

Bàbá Fálọ́dún ti wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ló ń tọ́jú gbọ̀ngàn náà, àwọn ló ń gbá a, wọ́n sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n ti fi okùn so kọ́kọ́rọ́ dùùrù mọ́ ọrùn, ó wà lábẹ́ bùbá wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

"Ùwọ ni wọ́n ní kó wá tún un ṣe?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Kí ló bàjẹ́ lára ẹ̀?"

Mo ní kí a kọ́kọ́ ṣí i ná. Bàbá ṣí i bí ẹni ń ká aṣọ lójú ọmọ tó ń sùn. Igi dùùrù náà ń dán débi pé mo rí eyín ara mi lára rẹ̀. Inú mi dùn. Mo gbé ìdérí òkè kúrò, mo sì tẹ orí bọ inú rẹ̀.

Òórùn ló kọ́kọ́ gbá mi nímú. Mo mọ òórùn náà dáadáa, gbogbo ẹni tí ìyá Yorùbá bí ló mọ̀ ọ́n. Òórùn àdín ni.

Ó wà lára gbogbo okùn irin pátá. Ó wà lára àwọn òòlù kéékèèké oníwúlù tó ń lu okùn, wúlù náà ti dì, ó ti le bí ẹran gbígbẹ. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni àwọn èèkàn irin tí wọ́n fi so okùn. Inú igi ni èèkàn wọ̀nyẹn kì mọ́, ìkìmọ́lẹ̀ wọn ló sì ń di ohùn mú. Tí òróró bá wọ inú igi yẹn, èèkàn á máa yọ̀, okùn á máa dẹ̀, ohùn á máa já wálẹ̀ bí o ti ń gbé e sókè. Mo tẹ ọ̀kan nínú eyín dùùrù náà. Ó dún bí ìgbà tí a gbá ìrọ̀rí, eyín náà wọlẹ̀, kò sì jáde mọ́.

"Bàbá," mo ní, "kí lẹ fi ń tọ́jú rẹ̀?"

Inú wọn dùn pé mo béèrè. Wọ́n ní òyìnbó obìnrin tó ni dùùrù, tó kọ́ Ìbíronkẹ́, pe àwọn nígbà tó ń lọ sílé rẹ̀, ó sì fi dùùrù lé àwọn lọ́wọ́. Ó ní kí àwọn tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ, kí àwọn má jẹ́ kí ọyẹ́ jẹ ẹ́ lára. "Bí ọmọ ni ó wí. Kí la ń fi pa ọmọ lára nígbà ọyẹ́? Gbogbo Sátidé ni mo ń pa á. Ìyàwó mi ló ń se àdín náà fúnra ẹ̀ nígbà tó wà láyé, kì í ṣe ti ọjà o. Wò ó dáadáa, ọmọ mi. Ṣé o rí ibì kan tó dípẹtà?"

Mo wò ó. Kò sí ibì kankan tó dípẹtà. Dùùrù tí mo ń tún ṣe ní Èkó, lẹ́bàá ọ̀sà, ọdún márùn-ún ni okùn wọn fi ń pọ́n bí ilẹ̀pa. Ti ibí yìí ń dán gbinrin. Bàbá yìí ti fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ pa dùùrù náà pẹ̀lú ìfẹ́.

Ẹ mọ̀ mí, mo máa ń gbaná jẹ. Ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi. Orúkọ mi ni mo kọ́kọ́ rò, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: tí dùùrù yìí bá kọ̀ lójú ayé lọ́jọ́ Sátidé, ta ni wọn yóò dá lẹ́bi bí kò ṣe oníṣẹ́ tí wọ́n gbé wá láti ọ̀nà jíjìn? Ẹnu mi ìbá ti sọ ọ́, àfi pé Bàbá ń wò mí, wọ́n ń dúró de ìyìn. Mo ní, "Kò dípẹtà, Bàbá." Wọ́n mi orí, wọ́n sì lọ gbá ilẹ̀.

Sípíríìtì ìgò mẹ́ta

Sípíríìtì ilé ìwòsàn nìkan ló lè ká àdín kúrò lára irin. Nígbà tí mo béèrè ìgò mẹ́ta lọ́wọ́ Màmá Nọ́ọ̀sì, wọ́n béèrè bóyá mo ń mu ún ni. Mo wá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń bá àwọn ìyá ọmọ jà nítorí àdín," ni wọ́n wí. "Wọ́n á dà á sí ọmọ nímú, wọ́n á dà á sí i létí. Mo ti pariwo títí. Ṣùgbọ́n n ò tíì rí ìyá kan tó fi ìkórìíra pa á fọ́mọ." Wọ́n gbé ìgò náà fún mi, pẹ̀lú òwú. "Má jẹ́ kí Bàbá yẹn mọ̀ o. Wọn ò bímọ. Dùùrù yẹn àti Ìbíronkẹ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n ní láyé."

Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì ni mo fi ń nu okùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi abẹ́rẹ́ gún wúlù àwọn òòlù náà kí ó lè rọ̀. Ní ti èèkàn, mo gé páálí ṣúgà sí wẹ́wẹ́, mo fi wé ìdí èyí tó ń yọ̀ jù, mo sì gbá a wọlé. Ó dì mú. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, mo tún gbọ́ ọ: ohùn kan rọra ń rẹ̀ wálẹ̀ bí oorun ṣe ń gbé ọmọdé. Mo tún wọn ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ló já. Ìgbà náà ló yé mi pé dùùrù náà yóò dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì wákàtí péré ni yóò lè dúró.

Ọ̀sán Ẹtì ni Kláọ̀sì gbé kámẹ́rà dé. Ó ní kí Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, kí n máa túmọ̀. Ó béèrè bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀ tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bàbá gbé àyà sókè, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi, láti orí òyìnbó obìnrin títí dé orí ìyàwó wọn tó ń se àdín. Kláọ̀sì yíjú sí mi, "Kí ló wí?"

Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ti yẹ, mo ní wọ́n ní kí Bàbá tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ, Bàbá sì fi ohun tí a ń pa fún ọmọ tọ́jú rẹ̀. Ojú òyìnbó náà tàn. Ó mọ dùùrù, kì í ṣe òpè, ó sì ti gbóòórùn òróró náà. Ó yí kámẹ́rà kúrò lára Bàbá, ó dojú rẹ̀ kọ mí, ó ní, "Ìwọ tí o jẹ́ oníṣẹ́, ṣé òróró dára fún dùùrù?"

Ojú tí mo ní kí ẹ retí nínú fíìmù náà nìyẹn. Bí mo bá ní kò dára, àwọn ènìyàn á fi Bàbá rẹ́rìn-ín ní gbogbo Jámánì. Tí mo bá ní ó dára, gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi á fi èmi rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Mo yẹ okùn rẹ̀ wò látòkè délẹ̀, n kò rí ẹyọ kan tó dípẹtà." Ó tún béèrè. Mo tún dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Ó pa kámẹ́rà náà, inú rẹ̀ kò dùn. Bàbá kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ojú mi ni wọ́n ń wò ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Ìbíronkẹ́ dé. Mo ti ń retí òyìnbó dúdú. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ jẹ́ obìnrin gbọọrọ kan tó wọ aṣọ òyìnbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ahọ́n Òkè-Ìlá ló fi kí wa, ó tiẹ̀ jinlẹ̀ ju tàwọn tó wà nílé lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó gbé lọ nígbà èwe náà ló gbé padà wá. Ó kúnlẹ̀ fún Bàbá, Bàbá sì fọwọ́ lé e lórí. Ó fẹ́ rí dùùrù lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó di ọ̀la.

"Kí ló ṣe é?" ó bi mí.

"Àgbà ló dé sí i, Mádàámù. Bí ẹ bá ti jókòó lọ́la, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Kò ní lè dúró pẹ́."

Sátidé

Àfẹ̀mọ́júmọ́ Sátidé ni mo tún gbogbo ohùn náà ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí mo gbójú sókè, Bàbá wà lẹ́yìn mi. Wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn òwú tí mo fi nu okùn, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Àdín náà ni, àbí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ mi sápò.

"Ọmọ mi, mo dàgbà ju ẹni tí à ń purọ́ fún lọ. Lánàá, nígbà tí òyìnbó bi ọ́ léèrè, o ṣe bí ẹni tí egungun há lọ́fun. Ṣé èmi ni mo bà á jẹ́?"

Mo sọ fún wọn. Mo sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ bí mo ti lè sọ ọ́, mo sì wí pé okùn rẹ̀ mọ́, pé bí kì í bá ṣe tiwọn ni, kò ní sí okùn rárá. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Wọ́n fi èmi sínú ètò, kí n sọ̀rọ̀ kí ọmọ náà tó tẹ̀ ẹ́. Màá sọ ọ́ níbẹ̀. Tí dùùrù bá kọ̀, kí gbogbo ulú mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ ọmọ yẹn, kì í sì í ṣe ọwọ́ tìrẹ."

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo rán wọn létí kámẹ́rà. Mo ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

"Ẹ̀sín tó bá tọ́ sí ni," ni wọ́n dá mi lóhùn, "a kì í gbé e ru ẹlòmíràn."

Ẹ ò tíì rí ètò bí ti Adó. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, orin, ìfihàn alága, ọ̀rọ̀ alága, ìkíni láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ yìí, ìkíni láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tọ̀hún, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n mọ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa, tí wọ́n sì ń gbádùn ohùn ara wọn. Gbọ̀ngàn kún dé ojú fèrèsé. Ooru ara àwọn ènìyàn ń ru sókè. Mo ti tún ohùn rẹ̀ ṣe fún ìgbà ìkẹyìn bí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ dùùrù pẹ̀lú sípánà tí mo fi ń yí èèkàn lábẹ́ agbádá. Alága ń sọ ìtàn bí ìmọ̀ ìwé ṣe dé Èkìtì. Ó dé ibi baba bàbá rẹ̀, mo gbọ́ tí èèkàn kan ní inú dùùrù ṣe tín. Mo bẹ Ọlọ́run kí ó pa alága lẹ́nu mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn mìíràn. Èèkàn kejì ṣe tín. Ìdajì wákàtí mi ti lọ, a ò tíì dé ìdajì ètò.

Nígbà tí wọ́n pe Bàbá Fálọ́dún, Ìbíronkẹ́ ti jókòó sídìí dùùrù, ó ti ṣí i. Mo rí i tó gbé imú sókè díẹ̀. Mo rí i tó wo orí ìka rẹ̀, tó wo èèkàn, tó sì wo Bàbá. Bàbá ti dìde. Wọ́n di ọ̀pá wọn mú ṣinṣin. Kláọ̀sì ti sún kámẹ́rà mọ́ wọn.

"Ẹ̀yin ará ulú mi," ni Bàbá wí, "ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ kí ọmọ yìí tó..."

Ìbíronkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ dùùrù.

Èèmọ̀ ni níbẹ̀ bí yóò ti jẹ́ èèmọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ọmọ kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Ariwo kékeré ta káàkiri gbọ̀ngàn, ẹnì kan pòṣé, alága ti ń dìde. Ojú tì mí fún obìnrin náà. Bàbá dúró tìyanu-tìyanu, ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu wọn.

Kì í ṣe ohun tó wà nínú ètò ló ń tẹ̀. Ohùn márùn-ún ni, ó ń gùn ún, ó ń sọ̀ ọ́, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ tí kò tíì mọ nǹkan kan. Ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí eyín kan bá wọlẹ̀ tó kọ̀ láti jáde, á fi ìka mìíràn gbé e sókè, á sì máa lọ. Ohùn méjì ti ṣáko. Ó tẹ̀ wọ́n bí wọ́n ti ṣáko náà. Obìnrin kan lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òun nìyí. Òun ló ń jí wa." Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í mirí, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Èyí ni ọmọbìnrin kan ń tẹ̀ ní gbogbo àfẹ̀mọ́júmọ́ kó tó lọ síléèwé, tí Bàbá sì ń gbá ilẹ̀ gbọ̀ngàn kan náà. Bàbá gbé ọ̀pá wọn jẹ́ẹ́. Wọ́n jókòó.

Kò tẹ̀ ẹ́ pẹ́. Nígbà tí ohùn kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, ó gbọ́wọ́ kúrò. Ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti dúdú fún àdín tó ti jókòó sáàárín eyín dùùrù, tí òwú mi ò kó tán. Ó dìde, ó rìn lọ síwájú Bàbá, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

"Ronkẹ́ mi," ni Bàbá wí, ohùn wọn ti rẹlẹ̀, "èmi ni mo bà á jẹ́."

"Mo mọ̀, Bàbá. Mo gbóòórùn rẹ̀ bí mo ti jókòó." Ó fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú ara rẹ̀, ó fi pa ọrùn, ó fi pa apá rẹ̀ méjèèjì títí dé ìgúnpá, lójú gbogbo ìlú, pẹ̀lú aṣọ olówó iyebíye yẹn. "Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, kò sẹ́ni tó tún fi àdín pa mí lára."

Mo sunkún. N kò ní fi pamọ́ fún yín. Kláọ̀sì fà mí lápá, ó ní kí ló wí. Mo sọ ọ́ fún un bó ti sọ ọ́, n kò yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Kò bi mí bóyá òróró dára fún dùùrù mọ́.

Ohun tí mo gbé bọ̀

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí mo ń bọ̀ wálé, mo sọ fún àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì pé igi tó di èèkàn mú nílò pípààrọ̀. Wọ́n ní àwọn á ṣe é. Bàbá sìn mí dé ìdí ọkọ̀.

"Kí ni kí n máa wá fi pa á báyìí?" wọ́n bi mí.

"Aṣọ gbígbẹ, Bàbá."

"Aṣọ gbígbẹ lásán?" Wọ́n wò mí bí ẹni tó ní kí wọ́n lé ọmọ wọn síta nínú ọyẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní wọ́n ti gbọ́. Mo mọ̀ pé wọn yóò ṣe é, mo sì mọ̀ pé yóò máa dùn wọ́n ní gbogbo Sátidé.

Bí mo ti wà nílé báyìí, ọwọ́ sípánà mi ṣì ń rùn. Àdín ti wọ inú igi rẹ̀. Ìyàwó mi ní òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo yàrá, ó ti gbé ọṣẹ àti kànrìnkàn kalẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. N kò tíì fọ̀ ọ́.